Ìgbá funfun, ìgbá elésè àlùkò tàbí ẹ̀fọ́ igbó: èwo ló yẹ ilé yín?

Ẹni tó bá fẹ́ gbin ìgbá sílé, ibi tó máa gbìn ín sí ló sábà máa ń kọ́kọ́ rò. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ omi ló yẹ kó ṣíwájú. Ìgbá kì í ṣòro láti hù, kì í sì í yan ilẹ̀ jù. Ohun tó ń pa á nínú ọgbà ilé ni oòrùn oṣù Kejì, nígbà tí kànga ti fà, tí iná ò sì sí láti fi fa omi sínú táǹkì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí, omi tí wọ́n máa ná yín ni mo kọ́kọ́ wò, kí n tó wo ẹnu àwọn tó máa jẹ ẹ́.

Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ìkòròdú àti irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lókè òkun náà ní ìpín tiwọn nísàlẹ̀, nítorí òtútù ni wàhálà ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ọ̀dá.

Mẹ́ta yìí kì í ṣe ọ̀kan náà

Ìgbá funfun ni èyí tí ẹ máa ń rí lórí àtẹ ní Bódìjà, tó tóbi tó ẹyin adìyẹ tàbí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó funfun báláú tàbí tó ní ilà àwọ̀ ewé lára. Àwọn kan ń pè é ní ikàn. A ń jẹ ẹ́ ní tútù pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀, a sì ń sè é, kí á gún un, kí á fi ata, àlùbọ́sà àti epo pupa sè é fún iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Solanum aethiopicum ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko, ilẹ̀ Áfíríkà níbí sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú un wálé láti inú igbó. Ó mọ oòrùn wa, ó mọ òjò wa. Tí ẹ bá ṣèèṣì gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó ṣeé ṣe kó dárí jì yín.

Ìgbá elésè àlùkò, Solanum melongena, ni èyí gígùn tàbí róbótó tó ń dán, tí wọ́n ń tà nílé ìtajà ńlá àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti ṣẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń fa epo mu bí a bá ń dín in. Èso rẹ̀ tóbi, omi ló sì kún inú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí omi yẹn ti máa wá.

Ẹ̀fọ́ igbó ni ìkẹta, Solanum macrocarpon. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó sì ń dán. Ní Kùtọnù àti Lómè, gbọma ni wọ́n ń pè é, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í sì í wọ́n lórí tábìlì wọn. Ó ń so èso, ewé róbótó tó wà ní ìdí èso náà sì máa ń bo apá kan rẹ̀, ṣùgbọ́n èso yẹn korò. Torí ewé ni àwa ṣe ń gbìn ín.

| | Ìgbá funfun | Ìgbá elésè àlùkò | Ẹ̀fọ́ igbó |
|---|---|---|---|
| Ohun tí à ń jẹ | Èso, ní tútù tàbí sísè | Èso, ní sísè, díndín tàbí yíyan | Ewé |
| Ìkórè àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a bá ṣí i gbìn | Bí oṣù 2½ sí 3 | Bí oṣù 2 sí 3 | Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 |
| Rọ́bà tó gbà á | Lítà 15 sí 20 | Lítà 20 sókè | Lítà 10 sí 15 |
| Àlàfo nínú ilẹ̀ | Bí ẹsẹ̀ bàtà 2 | Ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2½ | Bí ẹsẹ̀ bàtà 1 |
| Igi ìgbéró | Bó bá so púpọ̀ | Dandan | Kò nílò |
| Bí omi bá wọ́n | Ó ń fara dà á díẹ̀ | Òdòdó á rẹ̀, èso á korò | Ewé á le, á korò |

Bó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, ìgbá funfun ni kí ẹ mú. Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ kó tó so, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa ká a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mélòó kan, bí kò bá sì so púpọ̀ jù, kò ní kí ẹ ra igi ìgbéró tàbí okùn kí ó tó dúró. Igi mẹ́rin tó dáa tó fún ilé ẹni márùn-ún tó fẹ́ràn ọbẹ̀ ìgbá.

Ẹ̀fọ́ igbó ni kí ẹni tí kò lè dúró de oṣù mẹ́ta mú. Ó tún dára fún ilé tó ní ààyè díẹ̀, nítorí igi mẹ́jọ lè wà níbi tí igi ìgbá elésè àlùkò méjì máa gbà. Bí orí rẹ̀ bá ti ga tó ìwọ̀n ọwọ́ kan àti ààbọ̀, ẹ gé e lókè, ẹ fi ewé bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀ka á yọ láti abẹ́ ibi tí ẹ gé, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ó tún gé. Ẹni tí ewé rẹ̀ bá korò jù lẹ́nu lè bọ̀ ọ́, kó fún omi rẹ̀ dànù kó tó sè é mọ́ ata.

Ìgbá elésè àlùkò wà fún ẹni tó ní omi lójoojúmọ́ tí kò sì ní gbàgbé. Mi ò sọ pé kí ẹ má gbìn ín o. Èso rẹ̀ tí wọ́n bá ká láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sè é kò jọ èyí tó ti sùn nínú fíríìjì ilé ìtajà fún ọ̀sẹ̀ kan rárá. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àfiyèsí, bó bá sì ní èso mẹ́ta tó tóbi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ka rẹ̀ á fà ya bí kò bá sí igi tó gbé e ró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ewé tirẹ̀. Kì í ṣe ewé ẹ̀fọ́.

Ká sọ èso rẹ̀ di irúgbìn, tàbí ká ra ọmọ rẹ̀?

Irúgbìn ìgbá funfun kò níláti ná yín ní kọ́bọ̀ kan. Ẹ bá ìyá tó ń ta ìgbá sọ̀rọ̀ pé kó bá yín wá èyí tó ti pọ́n, tó ti di pupa tàbí àwọ̀ ọsàn. Èyí tó ṣì funfun kò tíì dàgbà, irúgbìn inú rẹ̀ kò ní hù. Ẹ là á, ẹ fún inú rẹ̀ sínú abọ́ omi, ẹ fi ọwọ́ rún un. Èyí tó bá rì sísàlẹ̀ ni kí ẹ mú; èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù pẹ̀lú omi. Ẹ fi asẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sínú àwo lábẹ́ ìbòòji, kì í ṣe nínú oòrùn, títí á fi gbẹ débi tí kò ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbá elésè àlùkò, tí wọ́n ń ta irúgbìn rẹ̀ nínú páálí, yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú irúgbìn rẹ̀ tó wà lórí àtẹ jẹ́ F1, ìyẹn àdàlù ìran méjì. Bí ẹ bá gba irúgbìn lára èso rẹ̀, ọmọ tó máa hù kò ní jọ ìyá rẹ̀ tán. Ẹ máa ra tuntun ni.

Ìlànà gbígbìn kò yàtọ̀. Ẹ fi erùpẹ̀ tó fúlẹ̀ sínú àwo tàbí ike tí ẹ ti lu ihò sí nísàlẹ̀, ẹ fi irúgbìn sí i kó má jìn ju ààbọ̀ ìka èékánná lọ, ẹ wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 ni ó máa ń yọjú. Nígbà tó bá ti ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, ní bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ó ti tó láti ṣí gbìn. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ jẹ́ kó mọ oòrùn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má jẹ́ pé abẹ́ ìbòòji ló ti bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán gbangba. Ìrọ̀lẹ́ ló dára láti ṣí i.

Bí ẹ bá fẹ́ sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó ń ta ọmọ ewéko wà lẹ́bàá ọ̀nà nínú gbogbo ìlú ńlá wa. Èyí ń fi bí oṣù kan àti ààbọ̀ pamọ́ fún yín. Àmọ́ ẹni tó ra ọmọ ìgbá ti ra ohunkóhun tó wà lára rẹ̀ náà. Ẹ yí ewé rẹ̀ padà kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí ohun funfun kéékèèké tó ń fò bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, tàbí òwú aláǹtakùn tín-ín-rín lábẹ́ ewé, ẹ dá a padà. Ẹ mú èyí tó kúrú tó sì lágbára ní ìdí, kì í ṣe èyí tó ga fíofío. Mo gbọ́ bí àgbà obìnrin kan tó ń tà á ṣe ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ tó ń yan èyí tó ti tanná, pé: «Ọmọ mi, má mú ìyẹn. Ó ti ń ronú ọmọ kó tó ní ilé.» Òótọ́ ni ó sọ. Èyí tó bá ti tanná nínú ike kékeré, gbòǹgbò rẹ̀ ti há, ó máa pẹ́ kó tó gbádùn lójú ilẹ̀ tuntun.

Fún ìgbá funfun àti ẹ̀fọ́ igbó, mo fara mọ́ gbígbìn láti inú irúgbìn. Fún ìgbá elésè àlùkò, bí ẹ bá fẹ́ igi méjì péré, ẹ ra ọmọ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé Ìbàdàn tún lè lọ bi iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, nípa irúgbìn àti ìmọ̀ràn.

Rọ́bà, àpò tàbí ilẹ̀

Ibi tí ìpinnu yín máa ti fara hàn jùlọ nìyí, nítorí nínú ilẹ̀, igi máa ń wá omi fúnra rẹ̀. Nínú rọ́bà, ẹ̀yin ni gbòǹgbò rẹ̀.

Igi tó wà nínú ilẹ̀ lè gba omi lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, bí ẹ bá fi koríko gbígbẹ tàbí ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Ó ń tóbi, ó ń pẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé a ò lè pààrọ̀ ilẹ̀. Ìgbá, tòmátì, ata àti tábà ìdílé kan náà ni wọ́n, àrùn kan náà ló ń pa wọ́n. Bí tòmátì yín bá ti rọ lójijì níbẹ̀ rí, tó kú láì tíì di pupa rúsúrúsú, ẹ má gbin ìgbá síbẹ̀. Kòkòrò àrùn náà, tí wọ́n ń pè ní Ralstonia solanacearum, ń gbé inú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́ dájú. Ẹ gé ìdí igi tó rọ náà nítòsí ilẹ̀, ẹ dá apá kan sínú gíláàsì omi tó mọ́, kí ojú ibi tí ẹ gé máa wo ìsàlẹ̀ nínú omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan láì mi í. Bó bá jẹ́ pé àrùn yìí ni, ẹ ó rí i tí ohun funfun bí wàrà máa ń ṣàn jáde láti ojú igi náà ní ìlà tín-ín-rín, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú omi. Bí omi náà bá mọ́ síbẹ̀, ẹ lọ wá ohun míì tó fà á.

Rọ́bà ni ìdáhùn fún ilẹ̀ tí àrùn yìí bá wà, tàbí fún àgbàlá tí wọ́n ti fi íńtálọ́ọ̀kì bò tán. Rọ́bà pẹ́ńtì lítà 20 ni mo fẹ́ jùlọ. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí pẹ́ńtì kankan má kù, ẹ lu ihò bíi mẹ́jọ sí i, mẹ́rin nísàlẹ̀ àti mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítòsí ìdí, ẹ gbé e ka búlọ́ọ̀kì kí omi lè jáde. Ẹ yan funfun tàbí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀. Rọ́bà dúdú tó wà nínú oòrùn ọ̀sán máa ń gbóná débi pé ẹ̀yin gan-an ò ní lè gbé ọwọ́ lé e, gbòǹgbò tó wà nínú rẹ̀ sì ń bẹ nínú ooru yẹn. Ní ti erùpẹ̀, ìwọ̀n méjì erùpẹ̀ ilẹ̀ dúdú, ìwọ̀n kan ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa, ìwọ̀n kan iyanrìn líle tàbí èèpo ìrẹsì tó ti gbó. Erùpẹ̀ nìkan máa ń le bí sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn òjò mélòó kan.

Àpò ìrẹsì kò wọ́n lówó, ó sì ń gba erùpẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé omi jáde, oòrùn sì máa ń jẹ ẹ́ kó tó di ọdún kan, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wẹ́wẹ́. Fún ẹ̀fọ́ igbó tí a máa gé fún oṣù díẹ̀, ó dára. Fún ìgbá tí ẹ fẹ́ kó wà fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ mú rọ́bà.

Omi: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù

Ìgbá tó ti dàgbà nínú rọ́bà lítà 20 lè mu omi bíi lítà 2 lójúmọ́ nígbà tí oòrùn bá mú, pàápàá nígbà tí èso bá wà lára rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn kí ẹ tó gbin rọ́bà mẹ́wàá. Lítà 20 ni iye tí mẹ́wàá máa ná yín lójoojúmọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì kan tó kún, ní àkókò tí ẹ lè máa fi kẹ́ẹ̀gì ra omi.

Ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bó bá gbẹ dé ibẹ̀, ẹ bomi rin. Bó bá tutù, ẹ fi sílẹ̀, kódà bí òkè erùpẹ̀ bá gbẹ. Àárọ̀ ló dára jù, kí ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí igi ni kí ẹ da omi sí, kì í ṣe orí ewé.

Ewé tó rọ ní ọ̀sán tó sì gbérí ní ìrọ̀lẹ́ kò sọ pé igi ń kú, oòrùn ló ń dènà. Ewé tó rọ ní àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ fi ojú wo, nítorí ní àkókò yẹn, yálà òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gan-an tàbí gbòǹgbò rẹ̀ ti ní àrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òdòdó tó ń já: ọ̀gbẹlẹ̀ àti ooru tó kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló sábà máa ń fà á, àti ajílẹ̀ tó ń mú ewé pọ̀ bí a bá fi sí i jù. Ẹ má sáré lọ ra oògùn.

Omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì dára. Omi tó ń kán láti ara ẹ́sì náà dára, ó sì jẹ́ omi tí ẹ ti sanwó iná rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi tí wọ́n fi ọṣẹ oní-bílíìṣì fọ ilẹ̀ kò dára rárá.

Bí ẹ bá ní bàlùkóònì tí wọ́n ti fi gíláàsì bò, tí kò sí atẹ́gùn tàbí oyin, òdòdó lè tan kó má so. Láàárọ̀, ẹ fi ìka ta ọrùn òdòdó náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Iyẹ̀fun inú òdòdó náà á já bọ́ sórí ara rẹ̀, ó tó o.

Ajílẹ̀ wo?

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ìgbẹ́ adìyẹ lágbára jùlọ, ó sì ń jó igi bí ó bá tutù. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, ẹ jẹ́ kó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 títí kò fi ní rùn mọ́. Ìgbẹ́ màlúù ṣe jẹ́jẹ́, ó sì ń ran erùpẹ̀ lọ́wọ́ láti di omi mú, èyí tó jẹ́ ìdí tí mo fi yàn án fún rọ́bà. NPK 15-15-15, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tí wọ́n ń tà, yára, ṣíbí tíì kan fún rọ́bà kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù ló tó, kó jìnnà sí ìdí igi ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí ẹ sì bomi rin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún ẹ̀fọ́ igbó, ẹ lè fi ìgbẹ́ adìyẹ jíjẹrà kún un láìbẹ̀rù, torí ewé ni ẹ fẹ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbá oníso, ewé á pọ̀, èso á wọ́n.

Dóńgóyárò, ọṣẹ, eérú tàbí oògùn inú ìgò

Àwọn tó máa ń wá ni tata, kòkòrò kéékèèké dúdú tó ń fò bí ẹ ṣe sún mọ́ ọn tó sì ń da ihò sí ewé, kòkòrò funfun tí mo ti dárúkọ, àti èyí pupa bí erukú tó ń ta òwú lábẹ́ ewé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìdin tó ń wọ inú èso náà wà: ẹ ó rí ihò kékeré kan àti ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Kò sí oògùn fún èso tó ti wọ̀. Ẹ ká a, ẹ já ẹ̀ka tó rọ lórí, ẹ sun wọ́n tàbí ẹ ki wọ́n bọ láílọ́ọ̀nù dídì, kí wọ́n má bàa di kòkòrò tuntun.

Fún àwọn yòókù, ẹ̀rọ dóńgóyárò ni mo gbà. Kílò kan ewé tútù, ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú lítà 5 omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé, ẹ fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ yí ewé padà, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn kòkòrò wà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì pò ó lọ́tun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ọṣẹ nìkan tó fún kòkòrò kéékèèké rírọ̀, kò sì ní agbára kankan lórí tata. Eérú a máa dáàbò bo ọmọ tuntun títí òjò á fi fọ̀ ọ́ lọ. Kòkòrò pupa tó ń ta òwú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kò fẹ́ omi: fífọ abẹ́ ewé pẹ̀lú omi líle láàárọ̀ ń dín in kù gan-an.

Oògùn inú ìgò tí a fi ń pa aáyán àti ẹ̀fọn, ìyẹn DDVP, kò ní ipò kankan lórí ohun tí ẹ máa jẹ. Mo rí i tí àwọn ènìyàn ń fọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́, inú mi ò sì dùn sí i rárá. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ ní 2019. Ewé ẹ̀fọ́ igbó tí ẹ máa gé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí májèlé sùn lórí rẹ̀.

Ìgbà wo?

Bí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé òjò, ẹ gbin irúgbìn ní oṣù Kejì tàbí ìkẹta lábẹ́ ìbòòji, ẹ ṣí i gbìn nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ìgbìn kejì ni ti oṣù Keje sí ìkẹjọ, kí òjò ìkẹyìn ràn án lọ́wọ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Ìgbìn kẹta tún wà, ti oṣù Kẹwàá sí ìkọkànlá, tí èso rẹ̀ máa ń jáde nígbà tí ti ọjà bá wọ́n. Ẹni tó ní omi nìkan ló lè gbà á, ó sì dára jùlọ fún ẹni tó fẹ́ tà á.

Fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Brazil

Ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù ló ń pa ìgbá, kì í ṣe ọ̀dá. Ẹ gbin irúgbìn nínú ilé ní oṣù Kejì tàbí ìkẹta, ẹ má gbé e síta kí oṣù Karùn-ún tó dé àárín, torí òtútù òru kan lè pa gbogbo rẹ̀. Ìgbá elésè àlùkò, àwọn irú rẹ̀ tó ń so kíákíá, ló ṣeé ṣe jùlọ nínú ilé gíláàsì tàbí lójú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Ìgbá funfun wa ń pẹ́ kó tó so, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn sì kúrú. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó rántí ilé láìsí wàhálà, ẹ̀fọ́ igbó nínú ike lójú fèrèsé ni. Ewé kì í dúró de òdòdó.

Ní Houston, ìyípadà náà pọ̀: ibẹ̀ gbóná tó fún ìgbá funfun, omi sì wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ ṣí i gbìn ní oṣù Kẹta tàbí ìkẹrin nígbà tí òtútù bá ti lọ. Bí ooru oṣù Keje bá mú kí òdòdó já, ẹ má bínú, á tún so nígbà tí ooru bá rọlẹ̀.

Ní Brazil, ìgbá wa wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Jiló ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló gbé e dé ibẹ̀. Ní Minas Gerais àti Rio, wọ́n ń jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé tó korò. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò níláti wá irúgbìn lọ́nà jínjìn.

Ìkórè àti gígé

Ìgbá funfun: ẹ ká a nígbà tó bá ṣì funfun. Bó bá ti ń pọ́n, irúgbìn inú rẹ̀ ti le, ó sì ti korò. Èyí kan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún irúgbìn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìgbá elésè àlùkò: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́ díẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá padà bọ̀ sípò, ó ti tó. Bí ó bá dúró síbẹ̀ tí dídán rẹ̀ sì ti lọ, ó ti pẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì gé ọrùn rẹ̀, ẹ má fà á, ẹ̀ka á fà ya. Ẹ ṣọ́ra, torí ìdí èso àwọn kan ní ẹ̀gún.

Ìgbá kì í kú lẹ́yìn ìso kan. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ẹ gé igi tó ti rẹ̀ náà sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀, ẹ yọ gbogbo ewé tó ní àrùn, ẹ fi ajílẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á yọ ẹ̀ka tuntun, á sì tún so. Lẹ́yìn ọdún kejì, èso rẹ̀ máa ń kéré sí i. Ẹ fa á tu, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ bóyá ó ní kókó-kókó. Bó bá ní i, kòkòrò inú ilẹ̀ ni, ẹ má fi ata tàbí tòmátì rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọdún kan tàbí méjì kọjá kí ẹ tó tún gbin ìdílé wọn síbẹ̀.